Big Brother kan náà, ilé méjì: ohun tí ètò rìálítì ń tú síta nípa Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà

Inú gúrúùpù WhatsApp ẹbí wa ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni, Big Brother Naija ti parí, ọwọ́ àbúrò mi tó wà ní Ìbàdàn sì dilẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo Big Brother àwọn ará Amẹ́ríkà lórí fóònù. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ kẹta, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo ti wá a títí, mi ò rí ibi tí wọ́n ti ń dìbò. Ta ló ń lé àwọn èèyàn yìí kúrò?" Bọ̀dá wa tó ń gbé Houston dáhùn pé ọ̀rọ̀ náà kò kan olùwòran, àwọn ará ilé ló ń lé ara wọn. Ni Àǹtí wa tó ti pẹ́ ní Peckham, ní London, bá fi àwòrán ẹ̀rín mẹ́fà ránṣẹ́. "Ẹ ò rí i pé wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe!"

Ó di wàhálà. Bọ̀dá ní ṣé ètò kéèkì tí Àǹtí máa ń wò ló wá dáa, tí èèyàn á fi ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá po ìyẹ̀fun, tí wọ́n á wá gbé òdòdó lé e lọ́wọ́ pé kó máa lọ sílé. Àǹtí ní àwọn ará Amẹ́ríkà kò lè fọ abọ́ láìpariwo.

Èmi tí mo máa ń wo tọ̀tún-tòsì, mo rí i pé ìbéèrè kan ló wà nídìí ìjà wọn: ta ló yẹ kó gbé èèyàn ga? Ní Amẹ́ríkà, ìwọ fúnra rẹ ni. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ní Ìlú Ọba, àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n á gbé ọ ga, ìwọ á sì máa ṣe bí ẹni tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀bùn wà níbẹ̀. Bí èèyàn bá ti mú èyí lọ́wọ́, gbogbo àwọn ètò tó dà bí ìdàrúdàpọ̀ yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í yé e.

Kí ló ń jẹ́ rìálítì, kí ló sì ń jẹ́ fọ́ọ̀màtì?

Ètò rìálítì ni ètò tẹlifíṣọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó wà nínú rẹ̀ pé kí wọ́n há a sórí. Wọ́n á kó èèyàn sí ibì kan, wọ́n á fún wọn ní òfin àti iṣẹ́, wọ́n á gbé kámẹ́rà tì wọ́n. Èyí kò sọ ọ́ di òótọ́ pọ́ńbélé o. Ohun tí wọ́n yà fún odidi ọjọ́ lè di ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó sì mú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ tó ń gé e ló ń pinnu ẹni tí yóò dà bí èèyàn rere lójú wa.

Fọ́ọ̀màtì ni ìlànà ètò náà: orúkọ rẹ̀, òfin rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń parí. Ilé iṣẹ́ tó ni ín lè tà á fún ìlú mìíràn kí wọ́n ṣe tiwọn. Ẹ fi wé aṣọ ẹbí. Inú ìdì kan náà ni gbogbo yín ti gé e, àmọ́ tó bá di ọjọ́ ìnáwó, ẹnì kan á rán ìró àti bùbá, ẹnì kan á rán gáùn tó fún mọ́ra pinpin, ẹnì kan á ní kí télọ̀ ṣí ẹ̀yìn sílẹ̀. Aṣọ kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹni tó wọ̀ ọ́ àti irú ojú tó fẹ́ kí ayé fi wo òun. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn kí n máa fi fọ́ọ̀màtì kan wé ara rẹ̀ ní ìlú méjì: ó ń jẹ́ kí n rí télọ̀.

Ta ló ń lé èèyàn kúrò nílé Big Brother?

Ilẹ̀ Netherlands ni Big Brother ti wá, ní 1999. Oṣù Keje ọdún 2000 ló dé Ìlú Ọba lórí Channel 4, oṣù yẹn náà ló dé Amẹ́ríkà lórí CBS. Lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, àwọn olùwòran ló ń dìbò ní ibi méjèèjì. Nígbà tó yá ni wọ́n pínyà.

Ní Ìlú Ọba, òfin kan wà tí kò gba àwàdà: ará ilé kò gbọ́dọ̀ bá ará ilé sọ ẹni tó fẹ́ dárúkọ fún ìbò. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nick Bateman rú òfin yìí. Ó kọ orúkọ sórí bébà pélébé, ó ń fi í han èyí, ó ń fi í han tọ̀hún, kí wọ́n lè dárúkọ ẹni tí òun fẹ́. Àṣírí tú. Àwọn ará ilé pè é jókòó sídìí tábìlì, Craig Phillips, ọmọ Liverpool kan tó jẹ́ kọ́lékọ́lé, ló ṣáájú ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá wò ó lónìí, ohun tó máa yà yín lẹ́nu ni bí kò ṣe sí ariwo níbẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí àwọn àgbà ẹbí bá jókòó ti ọmọ tó jí owó ìyá rẹ̀. Wọ́n ń bi í, ó ń wá ọ̀rọ̀ tì, kò rí i. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ní kó máa lọ. Àwọn ìwé ìròyìn sọ ọ́ lórúkọ burúkú, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn lára di òní. Craig ló jáwé olúborí. Ó gba £70,000, ó sì gbé e fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó nílò iṣẹ́ abẹ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró.

Ní Amẹ́ríkà, ètò náà kò mú àwọn èèyàn lọ́kàn tó lọ́dún àkọ́kọ́, ni CBS bá yí òfin padà ní 2001. Olùwòran kò dìbò mọ́. Àwọn ará ilé á díje láti di Olórí Ilé, Olórí Ilé á fa èèyàn méjì kalẹ̀, àwọn yòókù á lé ọ̀kan nínú wọn. Níparí, àwọn tí wọ́n ti lé jáde ló máa yan ẹni tí yóò gba owó náà, $500,000 nígbà náà. Dókítà kan tó ń jẹ́ Will Kirby wọlé lọ́dún yẹn. Ó sọ fún wọn lójú ara wọn pé òpùrọ́ lòun, ó pa irọ́ náà fún wọn lóòótọ́, àwọn tó tàn jẹ sì tún dìbò fún un. Títí di òní, bí àwọn ará Amẹ́ríkà bá ń ka àwọn tó mọ eré yẹn ṣe jù, orúkọ rẹ̀ kì í gbẹ́yìn.

Ẹ wò ó dáadáa. Ohun tí Nick ṣe tí wọ́n fi lé e jáde bí olè ni Will ṣe tí wọ́n fi fún un ní ìdajì mílíọ̀nù dọ́là.

Lójú ará Amẹ́ríkà, ayò ni wọ́n ń ta. Ẹni tó bá jẹ ọ́ lórí ọpọ́n kò ṣẹ̀ ọ́, o kò sì lè lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun ìyá rẹ̀. Lójú ará Ìlú Ọba, agbo ilé ni, àwọn olùwòran sì ni aládùúgbò tó ń yọjú lójú fèrèsé. Bí o ṣe ń bá èèyàn gbé ni wọ́n ń wò, ta ló fọ abọ́, ta ló jẹ ẹran ẹlẹ́ran.

Tiwa ní Nàìjíríà wà láàárín. À ń dìbò bíi ti Ìlú Ọba, a tún ní Olórí Ilé bí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń ṣe láti 2001. Bóyá ìyẹn ló fà á tí a fi ń bú ẹni tó ń dọ́gbọ́n nínú ilé náà ní àárọ̀, tó bá di alẹ́ a ó tún máa sọ pé ẹni tí kò lè dọ́gbọ́n kò wá ṣeré.

Erékùṣù fún Amẹ́ríkà, igbó fún Gẹ̀ẹ́sì

Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Charlie Parsons, ló gbìmọ̀ ètò tó di Survivor. Sweden ló kọ́kọ́ ṣe é, ní 1997. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, Mark Burnett, ló gbé e lọ sí CBS ní 2000: wọ́n kó èèyàn mẹ́rìndínlógún sí erékùṣù kan ní Malaysia, kí wọ́n máa dìbò lé ara wọn títí yóò fi ku ẹnì kan tó máa gba mílíọ̀nù kan dọ́là. Richard Hatch ló gbà á, kò sì fi í pamọ́ pé òun kó ẹgbẹ́ jọ láti máa yọ àwọn yòókù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó wo ìparí rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 50. Ètò náà kò tíì dáwọ́ dúró ní Amẹ́ríkà.

Ó wá di pé kí wọ́n gbé e wá sílé, sí Ìlú Ọba. ITV ṣe é ní 2001 àti 2002, ó kú. BBC jí i dìde ní 2023, ó tún kú lẹ́yìn sáà kan ṣoṣo. Ọmọ tí wọ́n bí, tí wọn ò rí tọ́.

Ohun tí wọ́n fi dípò rẹ̀ ni I'm a Celebrity, tí ITV bẹ̀rẹ̀ ní 2002. Níbẹ̀, gbajúmọ̀ ni wọ́n ń kó lọ sínú igbó ní Australia, wọ́n á máa fún wọn ní ìrẹsì àti ẹ̀wà tí kò níyọ̀, àwọn olùwòran á sì máa dìbò yan ẹni tó máa lọ jẹ kòkòrò tàbí tí wọ́n máa da aáyán lé lórí. Ìbò yìí gan-an ni ẹ̀rí mi. Kì í ṣe ẹni tí wọ́n fẹ́ràn ni wọ́n ń yàn. Ẹni tó ń gbéra ga, tàbí tó ń bẹ̀rù jù, tàbí tí ìlú ń bínú sí, òun ni. Ní 2022, Matt Hancock tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera nígbà Kòrónà wọlé síbẹ̀, àwọn aráàlú sì fi ìbò rán an lọ jẹ ìyà léraléra. Ó jẹ ẹ́, kò kọ̀. Nígbà tó máa fi parí, ó gba ipò kẹta. Bí ẹni pé wọ́n ní kó jẹ ìyà rẹ̀ tán ná, àwọn á tó bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó borí, agbábọ́ọ̀lù Jill Scott, adé ni wọ́n fi dé e lórí, ó di Ọbabìnrin Igbó.

(Owó iṣẹ́ ni gbogbo wọn ń gbà o, kó má di pé mo ń tan yín. Wọn kàn kì í sọ ọ́ sókè ni.)

ABC gbé e lọ sí Amẹ́ríkà ní 2003, NBC tún gbìyànjú ní 2009. Kò mú. Ó yé mi ìdí tí kò fi mú: Amẹ́ríkà fẹ́ mú aláìlórúkọ kó sọ ọ́ di olówó, Ìlú Ọba fẹ́ mú olórúkọ kó fún un ní kòkòrò jẹ.

Ṣé torí òdòdó ni wọ́n ṣe ń sunkún?

Ẹ jẹ́ ká dé orí kéèkì tó ń bí Bọ̀dá nínú. The Great British Bake Off bẹ̀rẹ̀ lórí BBC ní 2010. Àwọn tó ń yan kéèkì nílé lásán ni wọ́n ń kó jọ sínú àgọ́ funfun kan láàárín pápá. Wọ́n á yan nǹkan ní òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn ní ọjọ́ Ajé. Kò sí owó. Ẹni tó bá borí á gba òdòdó àti àwo gíláàsì tí wọ́n ń gbé kéèkì lé. Mo ti rí i nínú ètò yẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí àsìkò ń tán lọ, tí kéèkì ẹnì kan ń yẹ̀ lulẹ̀, tí ẹni tó ń bá a díje fi tirẹ̀ sílẹ̀ tó wá bá a dì í mú.

Ní 2013, CBS ṣe tiwọn ní Amẹ́ríkà. Wọ́n mú adájọ́ kan náà lọ, Paul Hollywood, wọ́n sì fi $250,000 sílẹ̀ fún ẹni tó bá borí. Kò ju sáà kan lọ. Àmọ́ nígbà tí wọ́n gbé ti Gẹ̀ẹ́sì gan-an sí PBS àti Netflix níbẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Orúkọ nìkan ni wọ́n yí padà sí The Great British Baking Show, torí ilé iṣẹ́ Pillsbury ló ni orúkọ "Bake-Off" lábẹ́ òfin lọ́hùn-ún. Èyí jẹ́ kí n fura pé wọn kò kórìíra ìwà pẹ̀lẹ́ rárá. Wọ́n fẹ́ wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ìlú onílùú. Bí ó bá wá di ará ilé wọn ló ń díje, wọ́n á fẹ́ kí owó wà lórí tábìlì.

Ẹ tún wo Got Talent, níbi tí àwọn èèyàn ti ń kọrin, tí wọ́n ń jó tàbí tí wọ́n ń dárà níwájú àwọn adájọ́. Ní Amẹ́ríkà, mílíọ̀nù kan dọ́là ni ẹ̀bùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ fún 40 ọdún ni wọ́n ń san án tí ẹni náà kò bá fẹ́ gba owó tó kéré sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Ìlú Ọba, £250,000 ni, pẹ̀lú ohun kan tí owó kò rà: ẹni tó borí á lọ ṣeré níwájú ìdílé ọba. A ò pè é ní Ìlú Ọba lásán. Nadiya Hussain, ọmọ àwọn ará Bangladesh tí wọ́n bí sí Luton, borí nínú Bake Off ní 2015 níwájú àwọn olùwòran tó lé ní mílíọ̀nù 13. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun ni wọ́n ní kó yan kéèkì àádọ́rùn-ún ọdún Ọbabìnrin Elizabeth. Ẹ bi èyíkéyìí nínú àwọn ìyá wa tó wà ní Peckham bóyá wọ́n á gba dọ́là dípò ìyẹn.

Ní 2009, obìnrin ẹni ọdún 47 kan láti abúlé kan ní Scotland, Susan Boyle, jáde sórí ìtàgé Britain's Got Talent. Ó ní òun fẹ́ di olórin ńlá. Kámẹ́rà fi ojú àwọn èèyàn hàn: wọ́n ń yínmú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó fẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ orin, wọ́n dìde dúró kó tó dé ìdajì. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ní òun máa di ìràwọ̀, àtẹ́wọ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ fi kí i, kó tó ṣe ohunkóhun.

Àmọ́ kí n má ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà mọ́ roro. Ní 2008, oníròyìn ètò ìṣèlú kan, John Sergeant, ń jó bí ẹni tó ń fa àpò sìmẹ́ǹtì nínú Strictly Come Dancing lórí BBC, àwọn aráàlú sì kọ̀ kó lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ètò náà sílẹ̀, ó ní ẹ̀rù ń ba òun pé òun lè borí. Ẹ óò ní ìwà Gẹ̀ẹ́sì pátápátá nìyẹn. Ó dáa: ní 2018, ẹni tí ijó rẹ̀ kò dára tó, Bobby Bones, gba ife ẹ̀yẹ Dancing with the Stars, ìyẹn Strictly ti Amẹ́ríkà, nípa ìbò àwọn olólùfẹ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé òun kò kúrò. Ó gbé ife rẹ̀ lọ sílé, ABC sì fún àwọn adájọ́ lágbára sí i lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Kí ló fà á tí ti Amẹ́ríkà fi ń pariwo?

Àǹtí rò pé ìwà wọn ni. Mo gbà pé ìwà wà níbẹ̀, àmọ́ owó ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ rántí àwọn tó máa ń ta egbòogi nínú mólùè. Kò sí ẹni tó san owó fún un kó tó wọlé. Kó tó dé bọ́sítọ́ọ̀pù tó kàn, ó gbọ́dọ̀ ti mú ọ lọ́kàn, ó gbọ́dọ̀ ti dẹ́rù bà ọ́, ó gbọ́dọ̀ ti tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni ètò oníwákàtí kan lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá Amẹ́ríkà ṣe rí. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 42 ni ètò, ìpolówó ọjà ló gba ìyókù. Kí wọ́n tó lọ polówó, ìlù á dún gbì, ẹnì kan á lanu, wọ́n á gé e síbẹ̀. Tí wọ́n bá dé, wọ́n á tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní Ìlú Ọba, ilé tó bá ń wo tẹlifíṣọ̀n ń san owó ìwé àṣẹ lọ́dọọdún, £174.50 ni ní 2025, òun ni BBC fi ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ìpolówó ọjà níbẹ̀. Ó dà bí owó ọlọ́dẹ àdúgbò. Gbogbo ojúlé ló dá a, nítorí náà gbogbo ojúlé ló lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú bí ọlọ́dẹ bá sùn. Lóòótọ́, ITV àti Channel 4 ń polówó ọjà, àmọ́ lábẹ́ Ofcom, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ni gbogbo wọn wà. Láti 2021, òfin rẹ̀ tún sọ ní kedere pé wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú ìlera àti iyì àwọn tó bá wá sórí ètò.

Ọkùnrin kan wà tó ṣe ètò kan náà ní ibi méjèèjì, tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí i kedere. Gordon Ramsay, alásè tí wọ́n bí ní Scotland, bẹ̀rẹ̀ Kitchen Nightmares lórí Channel 4 ní 2004, níbi tó ti ń lọ ran ilé oúnjẹ tó fẹ́ kógbá wọlé lọ́wọ́. Nínú ti àkọ́kọ́, ó lọ sí Yorkshire, ó ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin alásè ibẹ̀ dín ẹyin fún òun. Ẹyin o! Kò rí i dín. Ramsay dúró tì í, kò sí ìlù tó ń dún, ìtìjú nìkan ló wà níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ìtàn náà fún wa bí ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. Ní 2007, Fox gbé e lọ sí Amẹ́ríkà: ohùn ẹlòmíràn tó ń bú bí àrá, ìlù, tọkọtaya tó ń sunkún, wọ́n á tún kun gbogbo ilé oúnjẹ náà ní ọ̀dà lóru ọjọ́ kan. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kéré sí i, ọ̀rọ̀ ìdílé pọ̀ sí i.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní Ìlú Ọba tí gbogbo ayé ń pè ní oníwà pẹ̀lẹ́, gbogbo èébú tó bá jáde lẹ́nu Ramsay lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́ lẹ máa gbọ́ ní pípé. Ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń fi òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ yangàn, fèrè ni wọ́n ń fun bò ó.

Ọmọ ta ni ọ́, àbí èló lo ní?

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1973, PBS gbé An American Family jáde: ìdílé Loud, ní Santa Barbara ní California, olówó, ilé ńlá pẹ̀lú odò ìwẹ̀. Níwájú kámẹ́rà ni ìyàwó ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun fẹ́ kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, BBC ṣe tiwọn, The Family. Ìdílé Wilkins ní Reading ni wọ́n mú, bàbá ń wa bọ́ọ̀sì, gbogbo wọn há mọ́ra lókè ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́fọ̀ọ́. Amẹ́ríkà wo olówó, wọ́n bi í bóyá inú rẹ̀ dùn. Ìlú Ọba wo mẹ̀kúnnù, àwọn kan sì bínú pé kí ni irú èyí ń wá lórí tẹlifíṣọ̀n.

Bí a ṣe ń gbọ́ ohùn èèyàn tí a sì mọ̀ bóyá Ìjẹ̀bú ni tàbí Èkìtì, bẹ́ẹ̀ ni ará Ìlú Ọba ń gbọ́ ohùn, àmọ́ ó tún ń gbọ́ irú ilé ìwé tí èèyàn lọ àti irú iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ṣe. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní The Only Way Is Essex ní 2010 fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lówó, tí Made in Chelsea sì tẹ̀ lé e ní 2011 fún àwọn tí wọ́n bí sínú owó. Nínú àwọn Real Housewives ti Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2006, mi ò tíì gbọ́ kí ẹnì kan fi ohùn bú ẹnì kejì. Bí ilé ṣe tóbi tó ni wọ́n ń fi ń bú ara wọn.

The Apprentice, níbi tí àwọn èèyàn ti ń díje fún iṣẹ́ lọ́dọ̀ oníṣòwò ńlá, náà rí bẹ́ẹ̀. Donald Trump ṣe é lórí NBC láti 2004, orúkọ rẹ̀ wà lára ilé náà gàdàgbà, iṣẹ́ tó ń fún ẹni tó borí sì ń mú $250,000 wọlé lọ́dún. Alan Sugar gbà á ṣe lórí BBC ní 2005. Hackney ló dàgbà sí, nínú ilé ìjọba, iṣẹ́ tirẹ̀ sì jẹ́ £100,000. Ní 2009 wọ́n fi í joyè, láti ìgbà náà gbogbo olùdíje gbọ́dọ̀ máa pè é ní Lord Sugar ní gbogbo gbólóhùn. Èyí kò ṣòro fún Yorùbá láti lóye. Owó wà lọ́tọ̀, oyè wà lọ́tọ̀.

Ọ̀dàlẹ̀ nílé Scotland

Bẹ́ẹ̀, The Traitors wá da gbogbo àlàyé mi rú díẹ̀. Ilẹ̀ Netherlands náà ni fọ́ọ̀màtì yìí ti wá. Wọ́n á kó àwọn èèyàn sínú ààfin kan, wọ́n á yan díẹ̀ nínú wọn ní Ọ̀dàlẹ̀ níkọ̀kọ̀, àwọn yòókù jẹ́ Olóòótọ́. Lóru, àwọn Ọ̀dàlẹ̀ á "pa" ẹnì kan. Lójú mọmọ, gbogbo wọn á jókòó sídìí tábìlì, wọ́n á dìbò lé ẹni tí wọ́n fura sí. Bí Ọ̀dàlẹ̀ kan bá ṣẹ́kù níparí, òun ló kó gbogbo owó lọ. Etí Yorùbá á gbọ́ orúkọ yẹn, ara á ta gìrì, torí àwọn àgbà ti sọ pé ọ̀dàlẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ.

Ààfin kan náà ní Scotland ni BBC àti àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń ya ètò yìí. BBC bẹ̀rẹ̀ ní 2022 pẹ̀lú àwọn èèyàn lásán. Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 2023, ìdajì wọn jẹ́ àwọn tó ti lókìkí nínú ètò rìálítì mìíràn. Nígbà tó di sáà kejì, kò sí èèyàn lásán níbẹ̀. Cirie Fields, ọmọ Survivor, ló kọ́kọ́ borí níbẹ̀: Ọ̀dàlẹ̀ ni, ó sì gbé $250,000. Rìálítì ti di iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, bíi kí èèyàn máa gbá bọ́ọ̀lù láti kíláàbù kan sí òmíràn. Ẹnikẹ́ni kò retí pé kó máa tọrọ àforíjì.

Àwọn ará Ìlú Ọba tó ti lé Nick jáde torí bébà pélébé wá jókòó ti ètò tí wọ́n ti ń pa irọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí mo rò ni pé òfin fúnra rẹ̀ ló gbé irọ́ náà lé wọn lọ́wọ́. Ọ̀dàlẹ̀ kò yan ara rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ kàn án léjìká ni, ojú rẹ̀ sì wà ní dídì. Bó ṣe wá ń pa irọ́ náà ni kí ẹ máa wò.

Nínú ti àwọn gbajúmọ̀ tí BBC ṣe, ní oṣù Kẹwàá àti Kọkànlá 2025, aláwàdà Alan Carr di Ọ̀dàlẹ̀. Wọ́n ní kó fọwọ́ kan ojú ẹnì kan láti "pa" á, ẹni tó sì fọwọ́ kàn ni Paloma Faith, ọ̀rẹ́ rẹ̀ gidi. Láti ọjọ́ náà ló ti ń làágùn, tó ń rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ, kò sì sí ẹni tó mú un. Ní alẹ́ ìparí, ó ku òun àti Nick Mohammed àti David Olusoga. Òpìtàn ni Olusoga, Èkó ni wọ́n bí i sí, ọ̀kan lára wa ni bàbá rẹ̀. Ọkùnrin tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ tú ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi pa mọ́ nínú ìwé ìtàn, ó jókòó ti Alan láràárọ̀, kò rí i. Nígbà tó kan Alan láti sọ ẹni tó jẹ́, ó ní Ọ̀dàlẹ̀ ni òun, ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tó fi bú sẹ́kún tó ń bẹ̀ wọ́n. Àwọn méjèèjì dìde, wọ́n dì mọ́ ọn. Àwọn tó wò ó lé ní mílíọ̀nù 11.

Gúrúùpù wa kò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àbúrò mi ti ń kọ "ọmọ wa, ọmọ wa" láti ìbẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀ ni ọmọ wa ń nawọ́ sí. Bọ̀dá Houston bèèrè pé £87,500 tí Alan jẹ ńkọ́, èló ló máa kan Alan fúnra rẹ̀ níbẹ̀. Àǹtí ní kọ́bọ̀ kò kàn án, ẹgbẹ́ aláàánú ló ni gbogbo rẹ̀. Bọ̀dá pẹ́ kó tó fèsì.

"Kí ló wá ń sunkún fún?"